Irọ́ Tó Gbé Mi Dé Pápá Fọ́líbọ́ọ̀lù

Inú apá mi méjèèjì ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí àsìkò náà. Wọ́n pọ́n, wọ́n wú, wọ́n sì gbóná débi pé bí mo bá fi wọ́n kan ògiri tútù ilé wa, ńṣe ni mo máa ń mí kanlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan nílùú Ilé-Ifẹ̀, mo sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré láti di agbábọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Fọ́líbọ́ọ̀lù ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì, tí kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Títí di oṣù yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń gbá a ní pápá, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa jẹ gúgúrú, màá sì máa rò ó nínú ara mi pé ẹni tó bá ń fi orúnkún họ ilẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù kò níṣẹ́ ṣe ni. Ohun tí mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà ló wá di ohun tí mò ń fi omijé wá.

Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé wọ́n ti mú mi sínú ikọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ìdánwò tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn ọmọ ikọ̀ náà ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúkọ mi kò sì sí lára àwọn tó fẹ́ ṣe é.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá mi lọ fẹ́ ọkọ mìíràn sí Ìlọrin, àwọn ẹbí bàbá mi sì fárígá pé ọmọ àwọn kò ní bá wọn lọ. Bí mo ṣe di ará ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà nìyẹn, ìyá tó bí bàbá mi, nínú agbo ilé wa tí kò jìnnà sí Enuwa. Ìyá Àgbà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Obì ni wọ́n ń tà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀, tí wọ́n á máa bó o, tí wọ́n á máa fi ewé dì í kó má baà gbẹ. Wọ́n fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tiwọn lọ́wọ́ líle nínú. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò lè gbé mì ni bí ìyá mi ṣe lọ fẹ́ ọkọ. Wọn kì í bú ìyá mi. Wọn kì í sì í dárúkọ wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni ìyá mi máa ń pè. Èmi ò ní fóònù, torí náà fóònù Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè. Ìyá Àgbà á tẹ ibi tí ohùn á fi jáde síta, wọ́n á gbé fóònù náà lé orí àpótí láàárín wa, wọ́n á sì máa bó obì wọn lọ. Ohun tí ìyá mi bá sọ, àwa méjèèjì la jọ ń gbọ́ ọ. "Ṣé dáadáa lo wà?" "Dáadáa ni, mà." "Ìwé ńkọ́?" "Mò ń kà á, mà." "Ṣé o ń jẹun?" "Mò ń jẹun dáadáa, mà." Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ á tán. Ìyá mi á ní kí n máa ṣe jẹ́jẹ́, kí n bá àwọn kí Ìyá Àgbà, ó tún dìgbà kan ná. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Àgbà tí wọ́n ní kí n kí rèé níwájú mi! Ọdún méjì gbáko la fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ọdún méjì yẹn, ìyá mi kò wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà mìíràn ọ̀nà ni kò dára, ìgbà mìíràn ara àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló gbóná. Mo ń gbà á gbọ́, mo sì ń ka ọjọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ti tán bó ṣe máa ń tán, mo sì gbọ́ tí wọ́n mí bí ẹni tó fẹ́ dágbére. Mo wá ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kankan, tí mo lè fi dá wọn dúró. Mo rántí pé nígbà tí bàbá mi wà láyé, ìyá mi máa ń fọ́nnu fún wọn pé kò sí ẹni tó mọ fọ́líbọ́ọ̀lù gbá bí àwọn nígbà èwe. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ní, "Wọ́n ti mú mi sínú ikọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù, mà."

"Ta ni? Ìwọ?" Ohùn wọn yí padà kíá. "Yéè! Ọmọ mi! Ìgbà wo lẹ máa gbá a?"

Mo mọ ọjọ́ náà nítorí pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó ilé ẹ̀kọ́: Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, àwa pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ kan láti Ìpetumodù, ní pápá tiwa. Mo sọ ọ́ fún wọn.

"Màá wá," ni ìyá mi wí. "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, màá wá wò ẹ́."

Ìyá Àgbà dáwọ́ obì dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n tún ń bó obì wọn lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti fọ́ tán nílẹ̀ níbẹ̀, èmi sì jókòó, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀dọ̀yọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí mo lọ kọ orúkọ mi sílẹ̀, ojú mi wálẹ̀. Ọmọbìnrin méjìlá ni wọ́n fẹ́ mú. Àwa tó kọ orúkọ lé ní ogójì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbá a láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìpele ìsàlẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá wa, obìnrin gíga kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn wọn, tò wá sórí ìlà, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, wọ́n kígbe pé, "Ìwọ, gbà!" Mo sì gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, mo dì í mú ṣinṣin mọ́ àyà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Gbogbo pápá dàrú. Àwọn kan ń dì mọ́ra wọn lẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ fọ́líbọ́ọ̀lù á mọ̀ pé ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú ti ṣẹ̀. Ńṣe ló yẹ kí n so apá mi pọ̀, kí bọ́ọ̀lù náà ta kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún mi? Nílé Ìyá Àgbà, bí àgbà bá na nǹkan sí ọ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń gbà á, ìwọ àti ilẹ̀ á sì pàdé. Ó ti wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ-ṣé-mà" ni orúkọ mi ní pápá. Mo jẹ́ ẹ. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Balógun ikọ̀ náà, ọmọ tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, tó lẹ́nu bí abẹ, ló ṣàánú mi. Ó yá mi ní bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tí ara rẹ̀ ti bó. Ó ní, "Mú un lọ sílé. Bí o bá sọ ọ́ nù, èmi pẹ̀lú ẹ ni." Mo fi èédú fa ìlà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, ní ibi tí mo fojú bù pé nẹ́ẹ̀tì á ga dé, mo sì bẹ̀rẹ̀. Kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, lẹ́yìn oúnjẹ, ògiri yẹn ni mò ń bá jà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo sì ń sọ ọ́ fún ara mi bí apá mi ṣe ń wú. Mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí pé kó fi mí sínú àdúà rẹ̀ ìrọ̀lẹ́, torí mo rò ó pé bí Ọlọ́run bá gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà méjì, kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́. Ó bi mí pé kí ni kí òun sọ fún Un. Mo ní, "Sọ fún Un pé mo gbọ́dọ̀ wọlé." Ó ní, "Gbọ́dọ̀ kẹ̀? Ọlọ́run lò ń sọ gbọ́dọ̀ fún?"

Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ lọ, apá mi ti ń gba bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù tó sì ń pa mí ni sáàfù, ìyẹn gbígbá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò: o máa dúró lẹ́yìn ìlà, o máa ju bọ́ọ̀lù sókè, o máa lù ú kọjá nẹ́ẹ̀tì. Tèmi kì í kọjá. Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún lù ú títí di ọ̀la, abẹ́ ìlà èédú ló ń bà. Mo sunkún nídìí ògiri yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi kú lọ, ojú sì tì mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, mo ju bọ́ọ̀lù sókè, ọwọ́ òsì mi ló já gbà á. Bọ́ọ̀lù náà kọjá ìlà, ó kọjá ògiri, ó lọ já sórí èlùbọ́ tí wọ́n sá sí àgbàlá kejì. Aládùúgbò wa bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi, bí wọ́n ṣe bí ìyá mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, wọ́n fi àkísà wé ọwọ́ òsì mi lásìkò oúnjẹ àti lásìkò ìwé, wọ́n sì ń fi ìgbálẹ̀ nà án nígbà tó bá yọ jáde. Kí ọdún tó yí po, mo ti di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Èmi gan-an ti gbàgbé pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tó lágbára tó báyìí.

Mo wá ń fi òsì gbá a, ìgbà tí Ìyá Àgbà kò bá sí nílé ni. Nílé ẹ̀kọ́, mo gbá ẹyọ méjì níwájú tíṣà eré ìdárayá lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ìdánwò wáyé, wọ́n sì fọn fèrè, wọ́n ní, "Haa! Ẹ wá wo Ẹ-ṣé-mà!" Balógun ikọ̀ gbá mi lẹ́yìn. Mo fò délé. Mo gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, mo sì gbá a. Bí mo ṣe yíjú padà ni mo rí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọwọ́ ta ni mo rí yẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ọwọ́ ìyá ẹ ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa dárúkọ ìyá mi láti ọdún méjì. "Mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹ, ìwọ lo tún lọ mú un wá. Ó dáa náà. Máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá na òsì sí àgbà lójú àwùjọ, ìwọ kọ́ ni wọ́n máa bú. Wọ́n á ní ta ló kọ́ ọmọ yìí."

Wọn ò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo. Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí pé àgbà kankan kò ní rí ọwọ́ òsì mi. Lọ́kàn mi, mo rò pé mo gbọ́n: àwọn ẹgbẹ́ mi ló máa wà ní òdìkejì nẹ́ẹ̀tì, wọn kì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni. Mo sùn dáadáa.

Nígbà tí a dé pápá lọ́jọ́ kejì, tíṣà eré ìdárayá fúnra wọn ló lọ dúró sí òdìkejì láti gba sáàfù wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bó ṣe lágbára sí. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, pirinsípà wa, ìyá arúgbó tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, ní kí wọ́n gbé àga wá fún àwọn lẹ́yìn tíṣà náà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníkálukú máa gbá a. Mo dúró nídìí ìlà. Mo ju bọ́ọ̀lù sókè, mo na òsì, mo sì rí ojú pirinsípà, gíláàsì wọn ń dán nínú oòrùn, wọ́n ń wò mí. Mo fa ọwọ́ padà. Bọ́ọ̀lù náà já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹnì kan ní, "Ẹ ṣé, mà!" wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kejì, mo fi ọ̀tún gbá a, ó wọ inú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta, mo ní kí n fi òsì, mo gbé e dé ìdajì, mo tún yí i padà sí ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù yẹn gba abẹ́ nẹ́ẹ̀tì kọjá, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lọ dúró síwájú bàtà pirinsípà. Mo sáré lọ mú un. Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú un.

Wọ́n lẹ orúkọ méjìlá mọ́ ara pátákó kí aago tó lù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá tíṣà eré ìdárayá níbi tí wọ́n ti ń ká nẹ́ẹ̀tì.

"Èwo ni ti ọwọ́ òsì tí mo rí lánàá?" ni wọ́n bi mí kí n tó kí wọn. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin lẹ wà ní òdìkejì, mà. Àti pirinsípà."

Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bíi pé wọn ò gbọ́. Nígbà tó yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí kóńkéré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, kò sí àgbà nídìí nẹ́ẹ̀tì." Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi kún un, bí wọn ò bá tiẹ̀ ní jẹ́ kí n gbá a, kí n ṣá ti wọ aṣọ wọn. Wọ́n ní orúkọ ti dé ọ̀dọ̀ pirinsípà, ó dọdún tó ń bọ̀. Mo ní, "Ọdún tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù, mà." Wọ́n ní kí ló lè mú bọ́ọ̀lù lásán pẹ́ jù, ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn. Wọ́n wá ní kí n má sunkún mọ́, àwọn á fún mi ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà: èmi ni màá di àsíá pupa mú ní igun pápá, tí màá máa fi hàn bóyá bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ìlà tàbí sí ìta.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́. Fóònù dún, Ìyá Àgbà gbé e lé àpótí. Kí n tó kí ìyá mi tán, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀: àwọn ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, àwọn ti rí ẹni tó máa mójú tó ọmọ, wọn ò sùn dáadáa mọ́ nítorí ayọ̀. "Nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn aṣọ ẹ, kí n lè tètè dá ẹ mọ̀?"

Mo wo Ìyá Àgbà. Wọ́n ń bó obì.

"Méje ni, mà," ni mo wí.

Mi ò fẹ́ rántí ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Mo gbàdúrà kí òjò rọ̀, kí mọ́tò má sí, kí ara àbúrò mi gbóná díẹ̀, kó má pọ̀ jù. Mo gbà á, ìdájọ́ ń bẹ fún irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá mi wá. Mo wá ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí wọ́n má wá.

Wọ́n wá. Ayò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n gba ẹnu géètì wọlé, nínú àǹkárá aláwọ̀ ewé, báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Wọ́n ti sanra díẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn òbí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá nọ́ńbà méje. Ọmọ gíga kan ló wọ nọ́ńbà méje. Nígbà tí wọ́n rí i láti ẹ̀yìn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi ìka hàn án fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo rí ẹnu wọn tó ń sọ ọ́: ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ náà yíjú padà. Ọwọ́ ìyá mi dúró lófuurufú. Wọ́n dìde, wọ́n ń wo àwọn ọmọ méjìlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún padà sí ti àkọ́kọ́. Mo ti fa fìlà mi bo ojú. Mo fẹ́ sá, mo sì fẹ́ ké pè wọ́n.

Fèrè dún. Bọ́ọ̀lù ti bọ́ sílẹ̀ níbi ìlà tèmi, gbogbo ènìyàn sì yíjú sí mi. Àwọn tiwa ń kígbe pé ìta ni, àwọn ará Ìpetumodù ń kígbe pé inú ni. Adájọ́ ayò náà, ọkùnrin kan tí wọ́n mú wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ní, "Ìwọ tí o di àsíá mú, inú ni àbí ìta?" Bí mo bá gbé àsíá sókè pé ìta ni, àwa ló máa gba àmì kan, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ìyá mi náà ti yíjú síbi tí gbogbo ayé ń wò. Wọ́n ti rí mi.

Mo ní, "Mi ò rí i, sà."

"O ò rí i kẹ̀? Kí lò ń wò?"

Adájọ́ ní kí wọ́n tún bọ́ọ̀lù yẹn gbá. Balógun ikọ̀ wa wò mí bíi kó gbé mi mì, ó sì jàre.

Mi ò rántí ẹni tó borí lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tí pápá tú, ìyá mi wá bá mi níbi igun tí mo wà, mo kúnlẹ̀, wọn ò sì ní kí n dìde.

"Nọ́ńbà méje ńkọ́?"

"Irọ́ ni, mà."

"Wọn ò mú ẹ rí?"

"Wọn ò mú mi, mà."

"Kí ló wá dé tí o fi parọ́ fún mi? Mo ti Ìlọrin wá o!"

"Kí ẹ lè wá ni, mà."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ̀lú àǹkárá tuntun yẹn. "O ò ní kí n wá rí," ni wọ́n wí. "Ọdún méjì! Dáadáa ni mà, dáadáa ni mà. Mo rò pé ibẹ̀ ti tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Mo ní kí n má lọ da ọkàn ọmọ rú."

"Mo rò pé ẹ mọ̀, mà."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀?" Wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò rí ìyá mi kí wọ́n sunkún báyìí rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú. A jókòó síbẹ̀ títí àwọn tó ń ká nẹ́ẹ̀tì fi ní kí a jọ̀wọ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọn ò bá mi délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ojú àwọn kò tíì gbà á. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé ó rí mọ́tò wọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún ní, "Ṣé ara ẹ̀ le?" Mo ní ó le, wọ́n ti sanra. "Ó dáa," ni wọ́n wí. Nígbà tí fóònù dún lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì gbé igbá obì wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ báyìí. Mo wọ ikọ̀ náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo fi òsì gbá a fún ọdún méjì, kò sì sí àgbà tó kú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni mo máa ń rò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu Ìyá Àgbà lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la dákẹ́ yí fóònù kan ká fún ọdún méjì. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú máa ń bí mi. Mo máa ń ní ọmọdé ni mí, àwọn ni àgbà, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Nígbà tí inú mi bá rọ̀, mo máa ń rántí pé àwọn náà ń bẹ̀rù ohun tí màá fi dá wọn lóhùn.

Títí di òní, kò rọrùn fún mi láti sọ pé mo fẹ́ rí ènìyàn. Mo máa ń wá ìdí, mo máa ń wá iṣẹ́ tí a lè jọ ṣe, mo máa ń fẹ́ kó dà bíi pé wọ́n kàn yà ni. Ní oṣù tó kọjá, mo pe ìyá mi ní Ìlọrin lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo ní, "Màámi, ẹ wá. Mo fẹ́ rí yín."

Wọ́n ní, "Ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì.